Jọ́gíráfì kì í ṣe ẹ̀kọ́ àhásórí: àwọn àṣìṣe tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdírì

Ọmọ SS3 kan jókòó níwájú mi ní lẹ́sìnnì lọ́jọ́ kan, ó ka ìtumọ̀ contour, ìlà orí máàpù tó ń so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo kọ́mà kan. Mo wá tẹ́ máàpù sílẹ̀, mo ní kó fi ìka han ibi tí òkè wà. Àárín odò ló fi ìka lé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Àwọn ọmọ ń há jọ́gíráfì sórí bí ẹni ń há orúkọ gómìnà, bẹ́ẹ̀ ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Máàpù kò ṣeé sá fún nínú ìdánwò WAEC, síbẹ̀ ó di ìgbà tí ìdánwò bá ku oṣù méjì kí ọ̀pọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Má dúró di ìgbà náà. Láti SS1, máàpù kan lọ́sẹ̀ kan ti tó.

Èmi náà ṣe tèmi. Ní SS2, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ máàpù ṣáájú ti ìsàlẹ̀ nínú grid reference, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń tọ́ka ibì kan lórí máàpù, ilé-ìwé tí wọ́n ní kí n wá bá wà láàárín igbó. Ti ìsàlẹ̀, ìyẹn easting, ló máa ń ṣáájú. Kò sẹ́ni tó ń gun ọ̀pẹ kó tó rìn dé ìdí rẹ̀: rìn lọ sápá ọ̀tún ná, kó o tó gòkè.

Àwọn kan tún gbà pé òkè bébà ni ilẹ̀ ti ga, ìsàlẹ̀ bébà ló ti rẹlẹ̀, nítorí náà gúúsù ni gbogbo odò ń ṣàn lọ lójú wọn. Odò Ògùn ló ń tàn wọ́n jẹ, torí pé láti agbègbè Ṣakí ló ti ń ṣàn bọ̀, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, tó wá wọ ọ̀sà Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ wo Odò Ọya. Gínì ló ti ṣẹ̀, àríwá ìlà-oòrùn ló sì kọ́kọ́ kọrí sí, títí dé ìtòsí Timbuktu ní Mali, kó tó ṣẹ́rí sọ́dọ̀ wa. Odò Bẹ́núé ń ti Kamẹrúùnù bọ̀, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí kí méjèèjì tó pàdé ní Lọ́kọ́ja. Contour ni kó o bi léèrè, má bi bébà. Níbi tí àwọn ìlà náà bá ti ṣẹ́ bíi lẹ́tà V, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ibi gíga, àfonífojì ni, ibẹ̀ ni odò ń gbà. Bí ṣóńṣó náà bá kọjú sí ibi tó rẹlẹ̀, spur ni, ìyẹn apá òkè tó yọ jáde.

Ìwọ̀n ńkọ́? Lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 ni kìlómítà 1. Oko kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó fẹ̀ ní 3, wọ́n ní kí ọmọ wá bí ilẹ̀ oko náà ṣe tó. Ọmọ á sọ wọ́n di 12, á fi 2 pín in, á kọ 6. Irọ́ ni. Kọ́kọ́ sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di kìlómítà: 2 lọ́nà 1.5, ìyẹn square kilometre 3. Ti gradient, ìyẹn bí ọ̀nà ṣe dagun tó, tún burú jù, torí pé ẹsẹ̀ bàtà ni gíga ilẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ máàpù wa àtijọ́. Bí òkè bá fi 500 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ìsàlẹ̀ lọ, tí ọ̀nà sì jẹ́ kìlómítà 3, má fi 500 àti 3 ṣe ìṣirò. Sọ méjèèjì di mítà, wàá rí nǹkan bíi 152 àti 3,000, ìyẹn 1 nínú 20.

Ẹ má sì fi òwú rọ́bà wọn odò tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Mo rí ọmọbìnrin kan tó fa tirẹ̀ yọ láti inú irun orí rẹ̀: ó dẹ̀ ẹ́ lórí odò, ó wá fà á le lórí rúlà, odò kìlómítà 8 bá di 11. Etí bébà ló dára jù, kó o máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago kò gba àlàyé púpọ̀. 15° longitude, ìyẹn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù lórí máàpù, ni wákàtí kan, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Aago 10 àárọ̀ ti lù ní 15° ìlà-oòrùn. Aago mélòó ló lù ní 45° ìwọ̀-oòrùn? Wọ́n á sáré yọ 15 kúrò nínú 45, wọ́n á kọ aago 8. Apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìlú méjèèjì wà, ṣe ni kó o rò wọ́n pọ̀: 60°, wákàtí 4, aago 6 àárọ̀.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ibi tó ti ń bọ̀ ni wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ọyẹ́ tó ń mú ètè wa sán, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ bọ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ni. Bí wọ́n bá sì fún ọ ní iye òjò oṣù méjìlá, tó ga lẹ́ẹ̀mejì, tó wá lọ sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ láàárín wọn, má kọ Kánò. Ilẹ̀ tiwa níbí ni. Ìwọ náà mọ àsìkò yẹn, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àpẹẹrẹ. Wọ́n á há Kilimanjaro sórí fún gbogbo ìbéèrè tó bá ní òkè nínú, kódà níbi tí wọ́n ti béèrè òkè tí ilẹ̀ kíká bí, bẹ́ẹ̀ òkè oníná ni Kilimanjaro. Mo ní kí ọmọ Ìdànrè kan kọ àpẹẹrẹ inselberg, òkè àpáta tó dá dúró, tí oòrùn àti òtútù ń bó lára bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ronú títí, ó ní ìwé àwọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Fèrèsé kíláàsì wọn, òkè náà gan-an ló kọjú sí.