Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìmọ̀ Ọgbọ́n Orí àti Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn ní Kíláàsì Àṣekágbá

Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ kára nínú ẹ̀kọ́ yìí kí máàkì rẹ̀ má tó nǹkan. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ó há orúkọ àti èrò sórí, ó wá tò wọ́n sílẹ̀ nínú ìdánwò: Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dù sọ báyìí, ẹlòmíràn kò gbà. Ẹni tó ń ṣe máàkì ò wá ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ nìkan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ibi tó ti mẹ́hẹ, àti ìdí tí ẹ fi rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe ni bí a ṣe ń tú ìjiyàn palẹ̀ kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Títú ìjiyàn palẹ̀

Gbogbo ìjiyàn ló ní gbólóhùn ìpìlẹ̀ àti àbájáde. Gbólóhùn ìpìlẹ̀ ni ohun tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Àbájáde ni ohun tí wọ́n ní ó di dandan kí ẹ gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kà á tán láìmú bírò lọ́wọ́. Ẹ tún un kà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ àbájáde nìkan. Nígbà kẹta, ẹ wá àwọn gbólóhùn ìpìlẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà sí wọn létí ìwé. Ẹni tó bá ń fa ìlà láti ìgbà àkọ́kọ́ á fà á sábẹ́ gbogbo ohun tó dùn létí, kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà forí lé.

Ẹ wo ìṣòro ibi, ìyẹn ìbéèrè bí ibi ṣe lè wà bí Ọlọ́run bá wà, bí onímọ̀ ọgbọ́n orí J. L. Mackie ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1955. Gbólóhùn mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́run lè ṣe ohun gbogbo, Ọlọ́run jẹ́ ẹni rere pátápátá, síbẹ̀ ibi wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tako ara wọn. Wọn ò tíì tako ara wọn. Mackie fúnra rẹ̀ rí i pé ó ku ohun tí yóò so wọ́n pọ̀, ó sì fi méjì kún un: pé ẹni rere a máa mú ibi kúrò dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, àti pé kò sí ààlà fún ohun tí ẹni tó lágbára gbogbo lè ṣe.

Tí ẹ bá ti kọ márààrún sílẹ̀, ẹ ó rí ibi tí àwọn tó ń dá a lóhùn gbà wọlé. John Hick, ní 1966, kò gba ìkẹrin: ó ní ẹni rere lè fàyè gba ibi bí ó bá jẹ́ inú rẹ̀ ni ìwà ènìyàn yóò ti dàgbà. Alvin Plantinga, ní 1974, dojú kọ ìkarùn-ún: ó ní bí a bá fún ènìyàn ní òmìnira tòótọ́, ẹnikẹ́ni kò tún lè fi ipá mú un yan rere nígbà gbogbo.

Ìbéèrè tó ń mú máàkì wá ló kàn: ìdáhùn yìí gbéṣẹ́ dé ibo? Òmìnira ènìyàn lè ṣàlàyé ìpànìyàn àti olè jíjà. Ó ṣòro kí ó ṣàlàyé ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba ìlú Lisbon ní Portugal jẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ọjọ́ àjọ̀dún gbogbo ènìyàn mímọ́, tí èrò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Plantinga dáhùn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀mí àìrí tó ní òmìnira wà nídìí irú rẹ̀. Ṣé “ó ṣeé ṣe” tó? Lójú tiwa, ó tó láti fi hàn pé kò sí ìtakora, ṣùgbọ́n kò tó láti fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú dáadáa. Kí ọ̀rọ̀ má takora jẹ́ nǹkan kan, kí ó jẹ́ òótọ́ jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ta ló ń dá ta lóhùn?

Ẹ wo ìjiyàn pé ètò inú ayé fi hàn pé ẹnì kan ló ṣètò rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ láéláé pé Hume, tó tako ìjiyàn náà, dá Paley, tó gbè é lẹ́yìn, lóhùn. Hume kú ní 1776, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1779, Paley kò sì gbé àpèjúwe aago rẹ̀ (pé bí aago ṣe ní ẹni tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ayé) jáde títí di 1802. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé àtakò tí Hume ti ṣe sílẹ̀ kan ìjiyàn Paley náà, kí ẹ wá wò bóyá Paley yọ nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kejì le ju èyí lọ, nítorí ó máa ń ba àròkọ jẹ́ látòkèdélẹ̀: kí a po ìjiyàn Al-Ghazali, onímọ̀ Mùsùlùmí (1058–1111), pọ̀ mọ́ ti Thomas Aquinas, onímọ̀ Kristẹni (1225–1274), lórí ohun tó fa ayé. Ti Al-Ghazali nìyí: ohunkóhun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ohun tó fà á, ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ohun kan ló fa ayé. Aquinas gbà pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ ni a fi mọ̀ ọ́n, pé làákàyè nìkan kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjiyàn tirẹ̀ kò fi dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń wò ni bí nǹkan kan ṣe gbára lé òmíràn nísinsìnyí gan-an. Bí ẹ bá sọ pé “bóyá ayé ti wà láti ayérayé”, ẹ ti kọlu Al-Ghazali. Ọ̀rọ̀ yín ò kan Aquinas.

Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀, ẹ gé páálí kékeré kan fún ìjiyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ìbéèrè tí ìjiyàn náà ń dáhùn sí iwájú. Ẹ̀yìn ni gbólóhùn ìpìlẹ̀ àti àbájáde yóò wà, pẹ̀lú àtakò kan tó lágbára jù lọ, èsì sí i, àti ìdájọ́ tiyín ní gbólóhùn kan. Bí ó bá ju ìlà mẹ́jọ lọ, ẹ dín in kù.

Ní ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn

Ẹ kọ́kọ́ sọ ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn bí àwọn fúnra wọn yóò ṣe sọ ọ́, kódà bí ẹ kò bá gbà á. Ìdánwò kì í ṣe ibi ìwàásù, kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń bú ẹ̀sìn. Kò sí máàkì fún ìgbàgbọ́ yín tàbí àìgbàgbọ́ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún “àwọn Kristẹni gbà pé” àti “Ìsìláàmù sọ pé”. Kristẹni wo? Kátólíìkì ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, àwọn Bàtísì kì í ṣe é. Nínú Ìsìláàmù, àwọn Mu'tazila kọ́ni pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ló dá ìṣe rẹ̀, nígbà tí àwọn Ash'ari ní Ọlọ́run ló dá ìṣe náà, tí ènìyàn sì gbà á ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ ìdí tí ẹgbẹ́ méjèèjì fi yàtọ̀, pé ọ̀kan ń dáàbò bo òdodo Ọlọ́run, tí èkejì ń dáàbò bo agbára Rẹ̀, ti kúrò ní ìpele àlàyé lásán.

Bí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ yọ látinú ìwé mímọ́, ọ̀rọ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá tó. Ẹ fi orí àti ẹsẹ sí i, kí gbólóhùn tó tẹ̀lé e sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe.

Kíkọ àròkọ

Ká ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ ní. Ẹ fi márùn-ún ronú, ọgbọ̀n kọ̀wé, márùn-ún tó kù tún un kà. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kọ ìdáhùn yín sí ìbéèrè ní gbólóhùn kan. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ yan ìbéèrè mìíràn. Gbólóhùn náà ni kí ó bẹ̀rẹ̀ àròkọ. Ìtàn ìgbésí ayé onímọ̀ kankan ò wúlò níbẹ̀.

Ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ó tẹ̀lé e. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìjiyàn kan kalẹ̀, kí ó tako ó, kí ó sì dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń kó gbogbo ìdájọ́ jọ sí ìparí kì í ráyè ṣe é dáadáa, àsìkò á ti lọ. Ẹ yẹra fún “ẹnu kò kò” náà: bí ẹ bá ní àtakò kan lágbára, ẹ sọ gbólóhùn ìpìlẹ̀ tó wó.

Ẹ máa kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú aago níwájú yín. Nígbà tí olùkọ́ bá dá a padà, ẹ mú ìpínrọ̀ tó burú jù lọ kí ẹ tún un kọ lọ́jọ́ náà. Èyí ṣàǹfààní ju àròkọ tuntun méjì lọ, nítorí àṣìṣe kan náà ni ẹ ó tún gbé wọ inú tuntun bí ẹ kò bá tíì tún un ṣe.

Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí ìpínrọ̀ kan ò sì tíì parí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ fo ìlà kan, kí ẹ kọ ìdáhùn yín, ìjiyàn tó gbé yín débẹ̀, àti àtakò tí ẹ rò pé ó sún mọ́ ọn jù lọ láti wó o.