Bí mo ṣe to èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń mutí

Nígbà tí dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn àtẹ̀yìnwá wá, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Mo fa ìlà sórí ìwé, mo to àwọn èsì náà láti orí èyí tó pẹ́ jù títí dé orí tuntun. Ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ wọ́n yàtọ̀ síra: àwọn kan wà ní mg/dL, àwọn mìíràn wà ní mmol/L, nítorí náà mo fi 38.67 pín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀) tó wà ní mg/dL kí gbogbo wọn lè bára mu.

Ti ẹ́ńsáìmù kò pẹ́ mi. AST àti ALT jẹ́ ẹ́ńsáìmù tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá fara pa. AST ju ìlọ́po méjì ALT lọ, bó ṣe sábà máa ń rí lára ẹni tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, torí pé ọtí a máa dín fítámì B6 kù lára, ALT sì nílò rẹ̀ ju AST lọ. GGT, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí ọtí máa ń gbé sókè, náà ga. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ mutí kẹ́yìn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yìí?” Mo kọ ìdáhùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé GGT a máa wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èèyàn bá ti jáwọ́ nínú ọtí.

Ibi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Nínú àwọn èsì àtijọ́, triglyceride (oríṣi ọ̀rá mìíràn) àti HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní rere) jọ ga. Àwọn ará ilé ti fi ti HDL yọ̀, pé ọ̀rá rere ni, ṣùgbọ́n ọtí fúnra rẹ̀ a máa gbé méjèèjì sókè, èmi kò sì rí ohun tí à ń yọ̀ sí níbẹ̀. Nínú èsì tuntun, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù já wálẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò lo oògùn kankan fún un. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti purotéènì tó ń gbé e kiri. Bí àpá bá ti gba inú ẹ̀dọ̀ kan, kò ní lè ṣe tó bó ṣe yẹ mọ́. Mo wo albumin, purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ náà ń ṣe: ó ti lọ sílẹ̀. INR ti gòkè, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ kó tó dì. AST àti ALT nìkan, tí wọ́n ti wálẹ̀, ló dà bíi pé ara ń yá, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tó ti gbó lè máà ní ohun púpọ̀ tí yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. (Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ló dí ni, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ì bá gòkè pọ̀ mọ́ ALP, ẹ́ńsáìmù tó máa ń ga bí ọ̀nà òróòro bá dí, ṣùgbọ́n ALP wọn kò ga.)

Mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, albumin àti INR. Dókítà wò wọ́n, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀ ná.