Omi gbígbóná pa iná Cypridina mi: ṣé kí n dà á nù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kẹ́místrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta níbí. Ẹnìkan bá mi mú lúbúlúbú Cypridina gbígbẹ, ẹ̀dá òkun kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀, bọ̀ láti Jàpáànù. Mo ta omi tútù sí díẹ̀ nínú ife, ó sì tàn ní àwọ̀ búlúù. Fún kíláàsì kejì, mo fi omi gbígbóná inú fúláàsì pò ó, kó lè tètè yòrò. Kò tàn rárá. Ti àkọ́kọ́ náà sì ti kú. Ṣé kí n da méjèèjì nù?

Ìdáhùn: Àbúrò, má dà á nù! Jẹ́ kí ti omi gbígbóná tutù pátápátá, kí o wá da ife méjèèjì pọ̀ nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ á tún yọ.

Cypridina jẹ́ ẹ̀dá kékeré inú òkun, ẹbí edé ni. Ohun méjì ló ń bá a tan iná. Luciferin ni èyí tó ń jó, bí epo inú fìtílà. Luciferase ni prótéènì tó ń mú kí ọ́síjìn ràn án. Nínú ife àkọ́kọ́, luciferin ti jó tán, luciferase ṣì kù. Nínú èkejì, ooru ti ba luciferase jẹ́ bí ìgbà tí a se ẹyin, ṣùgbọ́n luciferin ibẹ̀ ò tíì jó. Bí Raphaël Dubois, ará Faransé, ṣe fi hàn pé ohun méjì ni wọ́n nìyẹn: ó fi omi tútù àti omi gbígbóná dán ìṣáwùrú òkun kan wò ní 1887. Inú mi dùn sí àṣìṣe rẹ yìí gan-an, torí àwọn ọmọ á fi ojú ara wọn rí i. Má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì o. Luciferin máa ń bá ọ́síjìn lọ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyókù lúbúlúbú náà kò tàn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ fíríìjì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

Ìdáhùn: Ọ̀rinrin ni. Bí o bá ṣí ìgò tútù nínú ooru Abẹ́òkúta, omi á sẹ̀ sínú rẹ̀ bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà. Ìwọ̀nba omi yẹn ti tó láti jó o. Jẹ́ kí òtútù kúrò lára ìgò kí o tó ṣí i. Kí o sì ta àdìrẹ tó nípọn bo fèrèsé, kí ojú àwọn ọmọ kọ́kọ́ mọ́ òkùnkùn lára.

Ìbéèrè: Ọmọ kan ní ká fi iyọ̀ sí i, torí òkun ló ti wá.

Ìdáhùn: Omi ẹ̀rọ lásán tó o. Jellyfish (ẹ̀dá òkun tó rọ̀ múlọ́múlọ́) tó ń jẹ́ Aequorea ló yàtọ̀. Ní 1961, Osamu Shimomura, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jàpáànù, da oje rẹ̀ sínú síǹkì tí omi òkun wà, ó sì tàn wàá. Kálísíọ́ọ̀mù inú omi òkun ló fà á. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́.