Bí mo ṣe parí ìjà rúlà nínú kíláàsì mi

Mo kọjú sí pátákó, à ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́, ni mo gbọ́ tí àga ṣubú gbàà. Kí n tó yíjú padà, ọmọkùnrin méjì ti gbá ara wọn lọ́rùn aṣọ mú, rúlà onígi kan sì ti kán sí méjì nílẹ̀.

Mi ò jágbe. Ohùn tó bá ga ju ti ọmọ tó ń bínú lọ, epo ló ń bù síná. Mo wọ àárín wọn, mo fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pe kálukú lórúkọ, ọ̀kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, èkejì lọ sẹ́yìn. Mo fún àwọn yòókù níṣẹ́ kíákíá, torí bí òǹwòran bá pọ̀, kò sọ́mọ tó máa fẹ́ kọ́kọ́ rọ̀.

Ó tó ìṣẹ́jú 20 kí n tó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń bi wọ́n tẹ́lẹ̀, àwíjàre ló máa ń bí. Mo ní, “Kí ló dùn ọ́ jù níbẹ̀?”

Ẹni tó ṣẹ́ rúlà náà ń wo ilẹ̀, ó ń fi èékánná ha etí tábìlì. “Kì í ṣe ti rúlà, Tíṣà. Olódo ló máa ń pè mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi náà ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, mo pè é léré, mo sì kọjá lọ.

Nígbà tí mo kó wọn pọ̀, òfin kan ni mo ṣe: kó o tó fèsì, kọ́kọ́ tún ohun tí ẹnì kejì rẹ sọ sọ, títí yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun wí. Kò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tó ń pe ẹnì kejì rẹ̀ ní olódo fi “ṣùgbọ́n eré ni mo ń ṣe” kún un, mo sì dá a dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: “Ó ní ojú máa ń ti òun débi pé òun ò lè nawọ́ sókè mọ́.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Má bínú.” Èmi kọ́ ni mo ní kó sọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ àfipáṣe kì í dé inú.

A fẹnu kò pé orúkọ yẹn ti parí, wọ́n á sì jọ máa lo rúlà ẹni tó ṣẹ́ ti ẹnì kejì rẹ̀. Mo ń ṣọ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ yẹn nawọ́ sókè nínú ìṣirò. Ìdáhùn rẹ̀ ò tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi rẹ́rìn-ín.