Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Táwọn Èèyàn Ń Ṣe Lórí Wẹ́bsáìtì Yín, Kẹ́ ẹ Tó Náwó Sórí Ìpolówó

Kẹ́ ẹ tó fi kóòdù kankan sórí wẹ́bsáìtì yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn ìbéèrè yìí ná: ẹni tó bá wọlé, kí gan-an lẹ fẹ́ kó ṣe kó tó jáde? Ṣé kó rajà ni, àbí kó pè yín lórí fóònù, àbí kó kọ orúkọ ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ lè kàn sí i? Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní bísínẹ́ẹ̀sì, iye èrò tó wọlé nìkan ni wọ́n máa ń wò, tó bá lọ sókè inú wọn á dùn, tó bá wálẹ̀ ọkàn wọn ò ní balẹ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú èrò yẹn ló náwó, wọn ò lè sọ. Èrò lè pọ̀ kí ọjà má tà rárá o.

Nínú àwọn irinṣẹ́ tó ń ka ohun táwọn èèyàn ń ṣe lórí sáìtì, Google Analytics lèyí táwọn èèyàn mọ̀ jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tá à ń lò báyìí ni GA4 tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2020, torí àtijọ́ yẹn, Universal Analytics, ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí fídíò tó ní kẹ́ ẹ wá kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UA, ẹ pa á tì, ó ti pẹ́ jù. Tiyín á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G. Tó bá jẹ́ WordPress lẹ̀ ń lò, plugin (àfikún tí wọ́n ń fi sórí WordPress) tó ń jẹ́ Site Kit, Google fúnra wọn ló ṣe é, á bá yín so ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi fóònù yín ṣí sáìtì náà kẹ́ ẹ wo Realtime, ìyẹn ripọ́ọ̀tù àwọn tó wà lórí sáìtì lọ́wọ́lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá rí ara yín níbẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má tíì kúrò ní Google Analytics, ẹ wọ Admin, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Data retention sí, ìyẹn iye àsìkò tó fi ń tọ́jú dátà, oṣù méjì ni wọ́n máa ń gbé e sí látilẹ̀, ẹ yí i sí oṣù 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo Explore, níbi téèyàn ti ń to ripọ́ọ̀tù tiẹ̀ fúnra ẹ̀, láti fi ọdún yìí wé èṣí, ẹ ò ní rí nǹkan kan wò. Ẹ sì yọ ara yín àtàwọn òṣìṣẹ́ yín kúrò nínú ìkànìyàn náà, internal traffic ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣí sáìtì yẹn lójoojúmọ́ lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́, pàápàá tí sáìtì náà ò bá tíì fi bẹ́ẹ̀ lérò.

Ó wá kan ohun tẹ́ ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Lójú GA4, gbogbo ohun téèyàn bá ṣe ni event: ó ṣí péèjì, event ni, ó yí i dé ìsàlẹ̀, event ni. Iṣẹ́ yín ni láti sọ fún un pé èyí gan-an ló ṣe pàtàkì sí mi, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní key event. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé tẹ́nì kan bá ti sanwó tàbí tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tán, ẹ gbé e lọ sí péèjì míì tẹ́ ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní kí Google Analytics máa ka ẹni tó bá dé péèjì yẹn. Kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì débẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti rí i pé línkì ẹ̀ ò sí níbòmíì lórí sáìtì.

UTM, ìyẹn ọ̀rọ̀ téèyàn ń fi kún ìdí línkì kó lè mọ ibi tẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ ti wá, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ju línkì sórí WhatsApp, tẹ́nì kan sì tẹ̀ ẹ́, Google Analytics kì í sábà mọ ibi tí onítọ̀hún ti wá, inú Direct, ìyẹn àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n ti wá, ló máa kó o sí, ẹ̀yin náà á wá rò pé ó mọ orúkọ sáìtì yín lórí ni. Ẹ sọ línkì náà dà báyìí:

example.com/bata?utm_source=whatsapp&utm_medium=status&utm_campaign=bata-tuntun

Source ni ibi tí wọ́n ti rí yín, medium ni irú ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, campaign ni orúkọ tẹ́ ẹ̀yin fún ìpolówó náà. Lẹ́tà kékeré ni kẹ́ ẹ máa lò o, torí Facebook àti facebook, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa kà wọ́n sí, ẹ á wá máa ro iye méjì pọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má sì fi UTM sórí línkì tó wà nínú sáìtì yín fúnra ẹ̀ láéláé, ẹni tó ti Google wá, tó bá tẹ irú línkì bẹ́ẹ̀, ó lè di pé sáìtì yín ló mú un wá, ibi tó ti wá gan-an á sì sọnù.

Ká ní Facebook mú èèyàn 800 wá, méjì rà, ìméèlì mú 90 wá, mẹ́sàn-án rà. Ẹni tó ń wo èrò nìkan á ní Facebook ló ń ṣiṣẹ́, á tún lọ da owó sí i. Ẹni tó wo key event á rí i pé àwọn tó ń gba ìméèlì ló ń bọ́ ilé, ohun tó sì yẹ kó ṣe ni kó wá bí orúkọ tó wà lórí ìwé ìméèlì yẹn á ṣe pọ̀ sí i. Inú ripọ́ọ̀tù Traffic acquisition lẹ máa rí èyí.

Ẹ tún so Search Console, irinṣẹ́ Google míì, mọ́ ọn, òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ sínú Google tí sáìtì yín fi jáde, ó sì ń tọ́jú ti oṣù 16. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ máa wá ni péèjì tó ń jáde dáadáa, tí impressions ẹ̀ (iye ìgbà tó hàn nínú èsì Google) pọ̀, àmọ́ tí wọn kì í tẹ̀. Àkọlé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún kọ, kó bá ohun tí wọ́n ń wá mu.

Tí wọ́n bá wá wọlé tí wọ́n ń sá jáde ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbé péèjì náà sínú PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wo bí péèjì ṣe ń yára ṣí, ohun tí Google ń fẹ́ ni pé kí nǹkan tó tóbi jù lójú péèjì ti jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Fọ́tò tó wúwo ló sábà máa ń fà á, ẹ fún un pọ̀, ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tí kì í wúwo. Tí kì í bá ṣe pé ó ń falẹ̀, ẹ fi Microsoft Clarity síbẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó máa ń ya fídíò bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn lórí péèjì. Ẹ jókòó wò ó dáadáa. Ẹ lè rí i pé àwọn èèyàn ń tẹ fọ́tò ọjà kan léraléra torí ó jọ bọ́tìnnì, kò sì gbé wọn lọ síbì kankan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jáde. Iye èrò nìkan ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ rántí pé dátà èèyàn lẹ̀ ń kó jọ o. Tẹ́ ẹ bá ní oníbàárà ní Yúróòpù, òfin GDPR, ìyẹn òfin wọn tó ń dáàbò bo dátà èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018 kàn yín, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó máa tọ ipa wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ìméèlì tàbí nọ́ńbà fóònù oníbàárà hàn nínú línkì péèjì, Google ò fẹ́ kó wọ Analytics rárá.

Ìgbà tí péèjì yín bá ti ń tajà fáwọn tó wá lọ́fẹ̀ẹ́ ló tó àsìkò láti ra ìpolówó. Ohun tí ìpolówó bá sọ ni kí wọ́n bá lójú péèjì tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, tẹ́ ẹ bá ní bàtà ọmọdé, ẹ má kó wọn lọ sí péèjì iwájú sáìtì (homepage), péèjì bàtà ọmọdé ni. Tó bá jẹ́ Google Ads, ẹ máa ṣí Search terms lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ gan-an tí owó yín fi lọ, ẹ máa rí àwọn tó ń wá ọ̀fẹ́, àwọn tó ń wáṣẹ́, àwọn tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún bàtà ṣe, gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó sínú negative keywords, ìyẹn ọ̀rọ̀ tẹ́ ò fẹ́ kí ìpolówó yín máa jáde fún, lọ́jọ́ náà gan-an.