Bẹ́ ẹ ṣe lè wá orísun orúkọ ìdílé Czech tí ò wọ́pọ̀ mọ́ (kẹ́ ẹ tó sáré lọ ṣí díkíṣọ́nárì)

Àwọn tó ti ń wo bọ́ọ̀lù tipẹ́ á rántí Pavel Nedvěd, onírun gígùn Juventus yẹn tó gba Ballon d'Or lọ́dún 2003. Tẹ́ ẹ bá béèrè orúkọ ẹranko béárì lọ́wọ́ ọmọ Czech lónìí, medvěd ló máa sọ. Nedvěd ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, ẹnu àwọn èèyàn ti ju ọ̀rọ̀ yẹn nù tipẹ́, inú orúkọ ìdílé ló sá sí tí ò fi kú. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa ìdílé yẹn o. Ṣé bàbá ńlá wọn rí gìdìgbà bíi béárì ni, ṣé ọdẹ ni, àbí ilé tó ń gbé ni wọ́n ya béárì sí lójú ògiri torí kò tíì sí nọ́ńbà ilé nígbà yẹn? Ìtumọ̀ nìkan ò lè dáhùn ìyẹn.

Mo ń sọ̀yí torí ibi ìtumọ̀ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Tiwa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń jẹ́ Ògúnbíyìí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń bọ nílé bàbá ẹ̀ kó tó la ẹnu. Ti Czech ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Kovář, ìyẹn alágbẹ̀dẹ, bàbá ńlá ẹ̀ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹwìrì mú rárá, ó kàn lọ fẹ́ opó alágbẹ̀dẹ ni, ó kó wọ ilé obìnrin yẹn, ni gbogbo abúlé bá ń fi orúkọ ilé pè é, ni àwọn ọmọ ẹ̀ náà bá ń jẹ́ ẹ lọ. Wọ́n lórúkọ tí wọ́n ń pe àṣà yìí, po chalupě, ìyẹn ni pé ilé ló fún èèyàn lórúkọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pé ilé la máa kọ́kọ́ wá, ìtumọ̀ á tẹ̀lé e.

Bóyá ẹ fẹ́ ọmọ Czech, bóyá àwọn ọmọ yín ló ń jẹ́ orúkọ yẹn ní London tàbí Prague, bóyá ẹ kàn fẹ́ràn irú nǹkan báyìí bíi tèmi. Orúkọ tí màá máa fi ṣàpẹẹrẹ ni Osolsobě. Osol ni "fi iyọ̀ sí i", sobě ni "fún ara ẹ". Èèyàn gidi ló ń jẹ́ Fi-iyọ̀-sí-tìẹ o! Orúkọ oníṣẹ̀ẹ́fẹ̀ báyìí pọ̀ níbẹ̀: Nejezchleba, má jẹ búrẹ́dì. Skočdopole, fò sínú oko. Pospíšil, ó kánjú. Doležal, ó nà gbalaja sílẹ̀. Vladimír Coufal tó gbá bọ́ọ̀lù fún West Ham, ó fà sẹ́yìn ni ìtumọ̀ tiẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń gbá! Moravia, apá ìlà-oòrùn ibẹ̀, ni àwọn tó dà bíi gbólóhùn "ó ṣe báyìí" yìí ti pọ̀ jù.

Ó yá. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ yẹn bó ṣe yẹ. Àwọn àmì orí lẹ́tà Czech kì í ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n dà bí àmì ìsàlẹ̀ ọ àti ẹ tiwa ni, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ orúkọ ẹlòmíràn lẹ máa máa wá kiri. Š yẹn ṣ tiwa ni, ẹ ò ní ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ř ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kódà àwọn ọmọ wọn kékeré gan-an máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lè pè é.

Lẹ́yìn náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ obìnrin ló wà lọ́wọ́ yín. Petra Kvitová tó gba Wimbledon, Kvita ni bàbá ẹ̀ ń jẹ́, -ová yẹn ni wọ́n ń fi kún un fún obìnrin. Tí orúkọ bá parí sí -ý, á di -á, Černý á di Černá. Àmọ́ àwọn kan wà tí kì í yí padà: Martinů, bíi ti olórin Bohuslav Martinů tí wọ́n bí sínú ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Polička lọ́dún 1890, "ti ilé Martin" ni ìtumọ̀ ẹ̀, takọtabo ló ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Osolsobě náà ò gba -ová. Láti January 2022, òfin ti gbà kí obìnrin yan èyí tó wù ú láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má fi ojú pé "kò ní -ová" sọ pé ọkùnrin ni.

Kẹ́ ẹ sì béèrè dáadáa bóyá orúkọ yẹn gba ara ẹ̀jẹ̀ wá. Martina Navrátilová tí gbogbo ayé mọ̀, Šubertová ló ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, ọkọ tí ìyá ẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn náà ló ni Navrátil. Ẹni tó bá ń wá ìdílé Navrátil láti fi mọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ilé onílé ló máa bá ara ẹ̀.

Báyìí, ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Wẹ́ẹ́búsáìtì kan wà tó ń jẹ́ KdeJsme.cz ("ibo la wà" ni ìtumọ̀ ẹ̀), ẹ tẹ orúkọ sí i, á fi hàn yín lórí máàpù agbègbè tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ti pọ̀. Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣì í kà ni pé Novák àti Nováková, orúkọ méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ méjèèjì, kẹ́ ẹ ròó pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ní orúkọ yín ti fẹ́ẹ̀ kú tán nígbà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin lẹ ò kà.

Àwọn èèyàn máa ń bínú tí wọ́n bá rí i pé orúkọ àwọn ò ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Ẹ máa yọ̀ ni! Novák ọkùnrin nìkan lé ní 30,000, ẹni tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni ìtumọ̀ ẹ̀, abúlé wo ni ò ní àlejò, torí náà ọ̀kẹ́ àìmọye ibi ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi orúkọ nìkan mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ní tiẹ̀, ìdílé kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń ti jáde, tẹ́ ẹ bá sì wo máàpù tẹ́ ẹ rí i pé ìdajì wọn wà ní agbègbè kan náà, ó jọ pé ẹ ti sún mọ́ ilé. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ gbẹ́.

Ìwé tẹ́ ẹ máa gbẹ́ ni matriky, àwọn ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Wọ́n ti ya fọ́tò ọ̀pọ̀ jù wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá, ẹ lè jókòó sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ máa ka ìwé ìrìbọmi 1690. Ibi ìpamọ́ ìwé àtijọ́ méje ló pín ilẹ̀ yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́: Praha (bí wọ́n ṣe ń pe Prague), Třeboň, Plzeň, Litoměřice, Zámrsk, Brno àti Opava, ìlú Prague alára sì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ti Brno wà lórí wẹ́ẹ́búsáìtì Acta Publica, ti Plzeň wà lórí Porta fontium. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa rìn lọ o, láti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dájú sí bàbá ẹ̀ sí bàbá bàbá ẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1650 torí ó rí orúkọ tó jọ tiẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá tún ìtàn ìdílé ṣe. Ìwé ìbí tí ò tíì pé 100 ọdún, wọn ò ní gbé e síta, ìgbéyàwó 75, nítorí náà àwọn ìwé àtijọ́ tó wà nínú àpótí màmá àgbà lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Kò rọrùn o, ẹ jẹ́ n má parọ́. Èdè Látìn, Jámánì àti Czech ló wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé Jámánì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kurent sì dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ mi, gbogbo "7ber" tí mo bá rí, July ni mo ń kọ. September ni! Látìn ló ń ka September sí oṣù keje, 8ber náà October ni.

Sípẹ́lì náà ń kọ́? Títí di nǹkan bíi 1850, w ni wọ́n ń kọ dípò v, g dípò j, ss dípò š. Jelínek, àgbọ̀nrín kékeré, ẹ lè bá a ní Gelinek. Osolsobě, ẹ máa wá a pẹ̀lú "ie" níparí. Tí akọ̀wé bá wá jẹ́ Jámánì, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ló máa kọ ọ́. Ààrẹ Brazil tó kọ́ ìlú Brasília, Juscelino Kubitschek, Czech ni orúkọ yẹn láti ilẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Kubíček ló gbé e dé Brazil. "Tsch" yẹn ni Jámánì fi ń kọ č. Kubíček, Kuba kékeré, Kuba sì ni ìnagijẹ Jakub. Orúkọ Jékọ́bù ni ààrẹ Brazil ń jẹ́ láìjẹ́ pé ó hàn síta.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ abúlé. Àwọn abúlé tó ń jẹ́ Lhota tàbí Nová Ves pọ̀ bí iyanrìn, nítorí náà "wọ́n bí i ní Lhota" ò tíì sọ nǹkan kan, ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdílé yín nínú matrika, ojú yín má kúrò lára nọ́ńbà ilé. Ọdún 1770 sí 1771 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sára ilé, kí wọ́n lè mọ iye ọkùnrin tó tó ogun jà, ó sì ràn wá lọ́wọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí orúkọ lè yí padà, nọ́ńbà 14 sábà máa ń ṣì jẹ́ 14. Tẹ́ ẹ bá rí bàbá tó ń jẹ́ nǹkan kan, ọmọ ń jẹ́ nǹkan mìíràn, ilé kan náà, ẹ má sọ pé akọ̀wé ti mutí, po chalupě ni. Nígbà míì akọ̀wé á ti kọ méjèèjì, á fi "jinak" tàbí "vulgo" sáàárín, bí ẹni ń sọ pé "tí wọ́n tún ń pè ní". Ibi tó ti máa ń yanjú pátá ni ìwé ilẹ̀, gruntovní knihy, tó ń sọ ẹni tó ta ilé fún ta ni, ẹni tó fẹ́ opó ta ni, iye tó ń san díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ podruh sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá yín, ayálégbé ni, inú ilé onílé ló ń gbé, ọdún mẹ́ta sí i ó lè ti kó lọ, nọ́ńbà ilé ò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, orúkọ àwọn òbí ìrìbọmi ni kẹ́ ẹ máa tọ̀.

Ìgbà tí Joseph Kejì, tó ń ṣàkóso Austria àti ilẹ̀ Czech, ń jọba, láàárín 1780 sí 1790, ni òfin wá sọ pé kí kálukú di orúkọ ìdílé kan mú, kó má yí i mọ́, àwọn Júù sì gba àṣẹ tiwọn ní 1787. Èyí ló mú kí orúkọ míì ṣọ̀wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: ìnagijẹ tí wọ́n fi ń yọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ́nu lábúlé kan ṣoṣo, òfin dé bá a lórí ẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní ọmọkùnrin mẹ́fà ló bí, orúkọ tàn. Tó bá jẹ́ obìnrin nìkan, ó parí síbẹ̀.

Àwọn ìdí míì wà tó korò jù báyìí lọ. Àwọn orúkọ Júù kan wà tó jẹ́ pé ara ògiri sínágọ́gù Pinkas ní Prague ni wọ́n kù sí, níbi tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bíi 80,000 èèyàn tí àwọn Nazi pa sí. Lẹ́yìn ogun, 1945 sí 1946, wọ́n lé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ará Jámánì kúrò, orúkọ wọn bá wọn lọ. Àwọn kan kó lọ Texas, Nebraska àti Chicago, àmì orí lẹ́tà já bọ́ lójú omi. Àwọn kan lọ Vienna, orúkọ Czech ṣì kún ibẹ̀ títí dòní. Torí náà orúkọ tó ti fẹ́ẹ̀ tán ní Czech lè wà lódidi níbòmíì, ẹ wá a láìní àmì lórí FamilySearch náà, wẹ́ẹ́búsáìtì tí wọ́n fi ń wá ìtàn ìdílé.

Ìgbà yìí lẹ wá lè ṣí ìwé ìtumọ̀. Èyí tí Dobrava Moldanová ṣe, Naše příjmení, tó jáde ní 1983, ni mo fẹ́ràn. Fún Osolsobě, ẹ máa gbọ́ ìtàn oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn èèyàn, pé ahun ni bàbá ńlá wọn, pé ọbẹ̀ ìyàwó ẹ̀ ò niyọ̀. Ẹ fi rẹ́rìn-ín, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́. Ohun tá a mọ̀ ni pé ẹnì kan fi pe ẹnì kan.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ abúlé, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wọn, ẹ béèrè fún kronika. Láti 1920 ni òfin ti ní kí ìlú àti abúlé kọ̀ọ̀kan máa kọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń kọ ọ́, tíṣà ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì máa ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé onílé gan-an. Ẹ fi "Dobrý den" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yẹn, ẹ sọ nọ́ńbà ilé tẹ́ ẹ rí, ẹ má kọ ju ojú ìwé kan lọ. Nọ́ńbà ilé yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n dìde lọ wò ó.