Ẹ má bi mí ní wáàtì: bí a ṣe ń yan nọ́ńbà lésà fún òkúta ọ̀nà ìtọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀, ìbéèrè tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, wáàtì mélòó ni ká fi sí i?" Ẹ gbé wáàtì sílẹ̀ ná. Nọ́ńbà méjì lórí ẹ̀rọ lésà, iná tí a fi ń fọ́ òkúta, ló ń bí i tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀: agbára tó wà nínú ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan (J), àti iye ìgbà tí ìtànṣán ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (Hz). 0.5 J ní 20 Hz, wáàtì 10 ni. 1 J ní 10 Hz, wáàtì 10 náà ni. Ṣùgbọ́n èkíní á máa họ òkúta díẹ̀díẹ̀, èkejì á là á, á sì tì í sá.

Èmi kì í dá sí ẹ̀rọ títí n ó fi wo àwòrán CT. Òkúta tí nọ́ńbà Hounsfield rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ki tó lójú CT) bá kọjá 1000 sábà máa ń le. Tó bá wà nísàlẹ̀ 500, ẹ fura sí òkúta uric acid, torí oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù lè yọ́ irú ìyẹn láìfi lésà kàn án rárá.

Fún holmium, ọ̀kan nínú irú lésà tí a ń lò, tí òkúta bá wà nínú kíndìnrín tí ẹ sì fẹ́ lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 0.3 J àti 20 Hz, kí ẹ yan ìtànṣán gígùn (èyí tí ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tán) bí ẹ̀rọ yín bá ní in. Ẹ máa rìn kiri lójú òkúta, ẹ má dúró gbẹ́ ihò sójú kan. Bí kò bá jẹ ẹ́, Hz ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sókè. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ là á sí wẹ́wẹ́ kí ẹ fi agbọ̀n wáyà kó o jáde, 0.8 sí 1.2 J ní 6 sí 10 Hz, pẹ̀lú ìtànṣán kúkúrú, ló bá a mu. Nínú òpó tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀, mi ò kí ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J ńlá: òkúta á fò padà sókè, ẹ ó sì máa lé e kiri.

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an ni ooru. Gbogbo wáàtì tí ẹ tú sílẹ̀ ló ń mú omi tó yí òkúta ká gbóná, àti pé láti ìwọ̀n 43°C lọ sókè ni ẹran ara ti ń bàjẹ́, bí ooru náà bá pẹ́ lára rẹ̀. Òpó ìtọ̀ tín-ín-rín, omi ibẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, mi ò fẹ́ kọjá wáàtì 10 níbẹ̀. Omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣàn kí ẹsẹ̀ yín tó kan pẹ́dàlì. Bí omi bá dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa fún un ní ìsinmi láàárín. Ẹ má sì torí ooru tú omi sí i láìníwọ̀n, torí ìfúnpá nínú kíndìnrín lè ti kòkòrò àrùn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ rí i pé omi tó wọlé ń rí ọ̀nà jáde.

Lésà thulium fiber yàtọ̀. Omi ń fa ìtànṣán rẹ̀ mu, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 1940 nm (nanometer), ju ti holmium tó jẹ́ 2100 nm lọ dáadáa, ó sì lè lo 0.1 J pẹ̀lú Hz tó ga gan-an. Ẹ má gbé nọ́ńbà holmium lé e lórí. Nọ́ńbà J tó kéré yẹn máa ń tan ènìyàn: 0.1 J ní 200 Hz, wáàtì 20 ti dé!

Ẹ jẹ́ kí orí okùn lésà yọ síta dáadáa níwájú ẹ̀rọ awò kí ẹ tó tẹ pẹ́dàlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó jó awò olówó ńlá. Tí ìyẹ̀fun bá bo ojú, ẹ dúró kí omi fọ̀ ọ́. A kì í tẹ pẹ́dàlì sí ohun tí a kò rí.

Kí ẹ tó lọ̀ ọ́ tán, ẹ mú ẹ̀là kan fún ilé àyẹ̀wò. Irú òkúta tó jẹ́ ni dókítà máa fi mọ ohun tí aláìsàn yóò ṣe kí òmíràn má bàa hù.